James Doohan: Ọ̀gá Ẹnjiníà Tí Kì Í Ṣe Ẹnjiníà

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, bí a bá ní kí ẹ dárúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìró èdè, mo mọ̀ pé James Doohan kò ní sí níbẹ̀. Òṣèré tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹni tó bá ti wo Star Trek mọ̀ ọ́n sí Scotty, ọ̀gá ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú Enterprise.

Ìlú Vancouver ní Kánádà ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1920. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà lára àwọn ọmọ ogun Kánádà tó gúnlẹ̀ sí etíkun Juno ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣì í mú fún ọ̀tá, ó sì yìnbọn fún un. Ọta mẹ́fà ló bà á. Mẹ́rin wọ ẹsẹ̀. Èyí tó forí lé àyà, àpótí sìgá fàdákà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fún un ló dá a dúró. Ẹ̀kẹfà mú ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Nínú eré, ó máa ń dọ́gbọ́n fi ọwọ́ náà pamọ́.

Lẹ́yìn ogun, ó kọ́ṣẹ́ eré, ó sì ṣe eré rédíò lọ́pọ̀lọpọ̀. Lórí rédíò, ohùn nìkan ni òṣèré ní. Ó wá mọ bí a ṣe ń sín onírúurú ènìyàn jẹ. Nígbà tí wọ́n ń wá òṣèré fún Star Trek, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, oríṣiríṣi ohùn ló dán wò fún Gene Roddenberry. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ti ará Scotland ló yẹ ẹnjiníà.

Ibi tó kàn wá nìyí. Nínú fíìmù Star Trek àkọ́kọ́, ní 1979, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún àwọn Klingon. Doohan ló ṣẹ̀dá wọn. Nígbà tí fíìmù kẹta ń bọ̀ ní 1984, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Marc Okrand gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ wọ̀nyẹn, ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì kọ́ odindi gírámà lé e lórí. Ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde ní 1985. Lónìí, àwọn kan ń fi Klingon sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni èyí. Ó sọ ọ́ nígbà kan pé obìnrin kan kọ lẹ́tà sí òun pé òun fẹ́ pa ara òun. Ó pè é lórí fóònù, ó ní kó wá bá òun níbi ìpàdé àwọn olólùfẹ́ eré náà. Ìpàdé kan di òmíràn, fún bí ọdún méjì, kí obìnrin náà tó dákẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, lẹ́tà mìíràn dé: ó ti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ẹlẹ́kitirọ́níìkì.

Doohan kú ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2005, lẹ́ni ọdún 85. Ní 2012, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé díẹ̀ nínú eérú rẹ̀ lọ sójú òfurufú.

Kò tún ẹ́ńjìnnì kankan ṣe rí nínú ọkọ̀ yẹn, eré ni. Àmọ́ obìnrin yẹn yè, ó sì di ẹnjiníà. Sùn-un-re o, Scotty.