Àreògún ará Ọ̀sì: ẹni tó fi ọ̀bẹ jẹun

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọ̀bẹ kan lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ ní Ṣakí. Ọ̀bẹ bàbá bàbá mi ni. Irin ẹ̀ ṣì mú, àmọ́ èèkù ẹ̀ ti là sí méjì. Bàbá alágbẹ̀dẹ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìyẹn ò le: àwọn á ki ìdí ọ̀bẹ bọ iná títí á fi pọ́n, àwọn á wá tẹ̀ ẹ́ wọnú igi àyìn kó jó ihò ara ẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá. Ohun tí wọn ò lè ṣe ni ọnà ara èèkù àtijọ́ yẹn, orí èèyàn kékeré kan pẹ̀lú ìlà tó yí ọrùn ẹ̀ ká. Ẹni tó ń bá wọn fín irú ẹ̀ ti kú, kò sì fi ọmọṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ yìí ló mú mi rántí Àreògún.

Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n bí i, ní Ọ̀sì, ìlú Èkìtì tó bọ́ sí Kwara lónìí. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ yẹn, gígé ni wọ́n gé e kúrú. Odindi ẹ̀ ń sọ nípa ẹni tó fi irinṣẹ́ Ògún rí owó, tó sì ń ná an fàlàlà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe alágbẹ̀dẹ nìkan ló ni Ògún. Ẹni tó rọ ọ̀bẹ àti ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́gi, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n.

Bámgbóṣé, àgbà agbẹ́gi Ọ̀sì, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún 16 gbáko! Àwa tí fídíò ìṣẹ́jú 10 ti ń sú. Lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀sì, ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ ní. Lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á la igi kó lè jọ nǹkan. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, níbi tí imú, etí àti ìka á ti máa yọ. Dídán á wá mú ara ẹ̀ jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, ọ̀bẹ tó mú bí abẹ ni wọ́n fi ń ṣe é: ìlà ojú, irun dídì, ọnà etí aṣọ. Ọnà èèkù mi, fínfín ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ Àreògún ti yàtọ̀.

Ó gbẹ́ ère Ẹpa tí wọ́n ń gbé sórí jó. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn tó kún bí ọjà: ẹlẹ́ṣin, ọmọ ogun, kódà ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ó gbẹ́ ọpọ́n ńlá olómọrí tí àwọn olórìṣà ń kó ohun ìbọ Ògún sí. Iṣẹ́ ẹ̀ ti dé mùsíọ̀mù l'Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni bó ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò kọ́ Bándélé ọmọ ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tóun alára ti kọ́ níṣẹ́ ni Bándélé ti kọ́ ọ. (Bóyá ó mọ̀ pé bàbá kì í le mọ́ ọmọ ẹ̀ bó ṣe yẹ.) Nígbà tí àwọn tó ń bẹ iṣẹ́ òrìṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, Fáàdá Kevin Carroll àti àwọn Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dún 1947. Bándélé lọ síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ Ọ̀sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan láti Ìlá Ọ̀ràngún ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀: Lámídì Fákẹ́yẹ. Ìyẹn náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó sì ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Àreògún kú lọ́dún 1954.

Ọ̀bẹ mi ṣì wà ní Ṣakí. Mo ti bẹ Bàbá kí wọ́n má tíì kì í bọ iná. Tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ṣì ń fín èèkù ní Òkè-Ògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta mí lólobó.