George Westinghouse: Ẹni Tó Fi Afẹ́fẹ́ Dá Rélùwéè Dúró

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn rélùwéè, àwọn tó jẹ́ kó lè sáré ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó jẹ́ kó lè dúró ni mo mú wá fún yín. Orúkọ ẹ̀ ni George Westinghouse.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1846, ní Central Bridge, ìpínlẹ̀ New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bàbá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ oko. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sí ìlú Schenectady, ibẹ̀ ni George ti dàgbà sáàárín irin àti gíríìsì. Ní 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, ó wọṣẹ́ ológun. Ó kọ́kọ́ wà pẹ̀lú àwọn tó ń gẹṣin jagun, lẹ́yìn náà ó lọ ń tọ́jú ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tógun parí, ó wọ Union College, àmọ́ kò lò ju oṣù mélòó kan lọ níbẹ̀ tó fi padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. (Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mi ò sọ pé ká fi ilé ìwé sílẹ̀ o!)

Kí ohun tó ṣe tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí rélùwéè ṣe rí nígbà náà. Rélùwéè kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo. Orí ọkọ̀ ló ń fa gbogbo ìyókù, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, ooru omi tó ń hó ló sì ń lò láyé ìgbà yẹn. Lẹ́yìn orí ni kóòṣì tí èrò ń jókòó sí wà, tàbí wágúnù tó ń kó ẹrù. Irin ni ẹsẹ̀ wọn, orí irin náà ni wọ́n sì ń yí lé. Irin lórí irin máa ń yọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí orí kan lè fa ẹrù rẹpẹtẹ, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó ṣòro láti dá a dúró.

Bíréèkì ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dá wà ni, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń fún un. Tí dírẹ́bà bá fẹ́ dúró, á fọn fèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ bíréèkì á wá máa sáré lórí òrùlé wágúnù, wọ́n á máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, wọ́n á máa yí irin roboto kan tó dà bíi sítíárìn, títí irin bíréèkì á fi fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ pinpin. Nínú òjò o, nínú yìnyín o, lóru o, dandan ni. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá yọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ló máa já sí, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ló kú bẹ́ẹ̀.

Ní 1866, ọkọ̀ tí Westinghouse wọ̀ láàárín Schenectady àti Troy dúró pẹ́ lójú ọ̀nà, torí pé ọkọ̀ ẹrù méjì ti forí sọ ara wọn níwájú. Àwọn dírẹ́bà méjèèjì rí ara wọn lọ́ọ̀ọ́kán, àyè à ti dúró ni wọn ò ní. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Westinghouse bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí dírẹ́bà nìkan ṣe máa lè tẹ bíréèkì gbogbo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ro ti ṣéènì gígùn, kò ṣe é ṣe. Ó ro ti ooru omi, àmọ́ ooru á ti tutù, á ti padà di omi, kó tó dé ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Àfìgbà tó ka ìwé ìròyìn kan, tó rí i pé àwọn tó ń gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè Mont Cenis láàárín Faransé àti Ítálì ń fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ sínú páìpù lu òkúta. Ó ní hẹn-ẹn! Ní 1869, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 22, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ pé òun lòun ṣe bíréèkì afẹ́fẹ́. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ ní Pittsburgh, ọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣubú sójú irin níwájú ọkọ̀. Dírẹ́bà ṣí afẹ́fẹ́, ọkọ̀ sì dúró kó tó kan ọkùnrin náà.

Ẹlòmíì ìbá ti sinmi níbẹ̀. Àmọ́ bíréèkì yẹn ní àbùkù. Láti orí ọkọ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ká ní họ́ọ̀sì já tàbí wágúnù tú lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tán, bíréèkì tán. Ìgbà téèyàn nílò ẹ̀ jù gan-an ló máa kọṣẹ́.

Ní 1872, Westinghouse yí gbogbo ẹ̀ po. Ó fi táńkì kékeré sábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi fáàfù kan sáàárín táńkì náà àti páìpù tó gba abẹ́ gbogbo ọkọ̀ kọjá. Tí afẹ́fẹ́ bá kún inú páìpù, táńkì á kún, bíréèkì á tú. Tí afẹ́fẹ́ inú páìpù bá dínkù, fáàfù á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú táńkì sáré lọ tẹ bíréèkì. Ẹ ò rí i? Tí dírẹ́bà bá fẹ́ dúró, ńṣe ló máa tú afẹ́fẹ́ dànù. Tí họ́ọ̀sì bá sì já, ọkọ̀ á dá ara ẹ̀ dúró láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́, ó wá ṣe é kó jẹ́ pé ìbàjẹ́ ẹ̀ gan-an láá máa dá ọkọ̀ dúró. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó ga jù láyé ẹ̀ nìyí.

Irú ọgbọ́n yìí wà lára àwọn tírélà tó ń kọjá ládùúgbò wa. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń wà á ló ṣàlàyé fún mi pé tí afẹ́fẹ́ ò bá tíì kún, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Ariwo fììì tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ bíréèkì ni. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 náà, afẹ́fẹ́ ló fi ń dúró.

Wàhálà ò tíì tán. Ní 1886, wọ́n dán an wò ní Burlington, ìpínlẹ̀ Iowa, pẹ̀lú wágúnù 50. Ti iwájú ti ń dúró kí afẹ́fẹ́ tó dé ẹ̀yìn, làwọn ti ẹ̀yìn bá ń rọ́ lù wọ́n. Kí 1887 tó parí, ó ti ṣe fáàfù mìíì tó yára. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè ò fẹ́ náwó sí i fún ọkọ̀ ẹrù, òṣìṣẹ́ ló sì ń fẹ̀mí san án. Ọdún 1893 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣòfin pé bíréèkì afẹ́fẹ́ di dandan, àti ìkọ́ tó ń so ọkọ̀ pọ̀ fúnra ẹ̀, torí ìka ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti gé síbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ so ó. Ẹ ṣírò ẹ̀: 1872 sí 1893, ọdún 21!

Westinghouse ṣe nǹkan mìíì. Òun àti Nikola Tesla ló jọ gbé irú iná mànàmáná tá à ń lò nílé báyìí lárugẹ. Ní 1871, ó ti ń jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ṣíwọ́ lọ́sàn-án Sátidé. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1907, ilé iṣẹ́ iná ẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1914, lẹ́ni ọdún 67.

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe sáyẹ́ǹsì, lọ́jọ́ tá a bá ń ṣe ẹ̀rọ tiwa, ẹ jẹ́ ká máa bi ara wa pé: tí èyí bá bàjẹ́, ta ló máa fara gbá a?