Àjàyí Crowther àti Ìpìlẹ̀ Gírámà Èdè Yorùbá

Kò sí ọmọ tí ó kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, olùwà àti àbọ̀. Ní Festac Town, ní Agbojù, ní Kirikírì àti ní àwọn àdúgbò yòókù tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, olùkọ́ a kọ gbólóhùn sí ojú pátákó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì tú u palẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wa gbà pé òyìnbó ni ó ṣètò ẹ̀kọ́ yìí fún wa. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ìwé gírámà èdè Yorùbá jáde. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, Èkó wa yìí ni wọ́n sì gbà kó o wọ ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther. A rò ó pé ó yẹ kí gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ yìí mọ ìtàn rẹ̀, pàápàá àwa tí a ń gbé níbi tí èdè púpọ̀ ti pàdé.

Láti Òṣoògùn dé Sàró

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ọmọ tí ó bá dojú délẹ̀ wá sáyé ni à ń sọ ọ́. Ní ọdún 1821, ogun wọ Òṣoògùn. Wọ́n kó ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àfálá, àti àwọn àbúrò rẹ̀. Láìpẹ́ wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ òmíràn ni ó ń lọ. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbẹ̀yìn, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí tí ń ra ẹrú ní Èkó.

Ọkọ̀ tí wọ́n kó o wọ̀ kò dé ibi tí ó ń lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ etíkun wa. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti di òmìnira, ibẹ̀ náà ni ó ti rí ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́. Láàárín oṣù mélòó kan ó ti mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà. Ní ọdún 1825 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, níbi tí ó ti padà di olùkọ́.

Níbi tí ohùn púpọ̀ ti pàdé

Freetown ìgbà náà kún fún àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú. Nílé, oníkálukú ń jẹ́ orúkọ ìlú tirẹ̀, ó sì ń sọ ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Ní Sàró, àwọn ẹlòmíràn ń pe gbogbo wọn ní Akú, nítorí ìkíni wọn tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ kú. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ara wọn lójoojúmọ́, wọ́n rí i pé èdè kan ni ó pa gbogbo wọn pọ̀.

Ojú tí ó yẹ kí á fi wo iṣẹ́ Crowther nìyí. Ẹni tí kò kúrò nílé rí kì í bi ara rẹ̀ léèrè bí gbólóhùn rẹ̀ ṣe dúró. Ó kàn ń sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n Crowther ti kọ́ èdè mìíràn, ó sì ń gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ ní oríṣiríṣi ohùn. Ó ní láti mọ ohun tí ó so wọ́n pọ̀ àti ohun tí ó yà wọ́n. Ṣáájú rẹ̀, Hannah Kilham àti John Raban ti ṣa díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ. Òun ni ó wá fi ètò sí i.

Ìwé ọdún 1843 àti ti ọdún 1852

Ní ọdún 1841, Crowther bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn-àjò kan gòkè Odò Ọya pẹ̀lú J. F. Schön. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ. Lẹ́yìn ìrìn-àjò yìí, ó hàn kedere pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni yóò lè ṣe iṣẹ́ náà, àti pé èdè àwọn ènìyàn ni wọn yóò fi ṣe é. Ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS rán Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1843 ó di àlùfáà, ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, pẹ̀lú àlàyé lórí gírámà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi wà níbẹ̀ kí ọ̀nà tó là dé Abẹ́òkúta. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ti Mile 2 gba ọ̀nà márosẹ̀ kọjá níwájú Festac Town, tí ó sì ń lọ síwájú, ìlú yẹn ni yóò dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ohun tí Crowther kò retí ṣẹlẹ̀: ó tún fojú kan ìyá rẹ̀. Ó ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti yà wọ́n. Èdè ìyá náà ṣì wà lẹ́nu ọmọ. Ní ọdún 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó gba orúkọ Hannah.

Ní ọdún 1852, ìwé tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Crowther fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ó kíyè sí i pé fáwẹ́lì arọ́pò-orúkọ lè yí padà kí ó bàa lè bá ti ọ̀rọ̀-ìṣe mu, bí a ti ń gbọ́ ọ títí di òní lẹ́nu àwọn tí ń sọ pé mo dé ṣùgbọ́n mọ lọ. Ó sì fi òwe gbe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀, kí ẹni tí ó ń kà á lè rí bí àwọn tí ó ni èdè ṣe ń lò ó gan-an.

Ohun tí gírámà Yorùbá ń kọ́ni

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí àwọn òbí kan ń béèrè àǹfààní rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú gbólóhùn kékeré kan: Adé ra iṣu ní Agbojù. Adé ni olùwà, òun ni ó ṣe nǹkan. Ra ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Iṣu ni àbọ̀, òun ni wọ́n ṣe nǹkan sí. Ní jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn, ó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Adé, iṣu àti Agbojù jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí a bá wí pé iṣu ra Adé, ọ̀rọ̀ kan kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín. Ipò tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú gbólóhùn Yorùbá ni ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ìrísí padà nítorí àsìkò. Adé ń ra iṣu, Adé ti ra iṣu, Adé yóò ra iṣu: ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú ni ó ń sọ bóyá nǹkan náà ń lọ lọ́wọ́, ó ti parí, tàbí ó ń bọ̀. Ohun tí ó lè yí ni ohùn. A ní Adé ra iṣu, ṣùgbọ́n Adé rà á, àti iṣu tí Adé rà. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá láti kékeré ń ṣe é láìronú. Ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní láti rí i kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú kì í yí ìrísí nítorí iye. Ọmọ kan ni, ọmọ mẹ́wàá ni. Bí a kò bá ka iye, àwọn ọmọ ni. Nígbà tí a bá sì ní ilé náà ga, ga ni ọ̀rọ̀-ìṣe gbólóhùn náà, a kò nílò òmíràn. Ṣùgbọ́n nínú ilé gíga, gíga ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì wọn èyí yóò máa wá ohun tí kò sọnù. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé Crowther, bí Ayọ̀ Bámgbóṣé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966 àti Ọládélé Awóbùlúyì nínú ti ọdún 1978, ṣe gbé èdè náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí.

Àwọn apẹja tí ó wà ní àwọn abúlé etí omi ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Orúkọ wọn pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Pa àti ẹja di pẹja. A fi a síwájú rẹ̀, ó di apẹja, ẹni tí ń ṣe é. A tún pa ní ìlọ́po, ó di pípa, a sì ní ẹja pípa. Bí èdè ṣe ń bí ọ̀rọ̀ tuntun láti inú ti àtijọ́ nìyí. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yìí lè rí orúkọ Yorùbá fún ohun tí àwọn baba wa kò rí rí.

Ohùn ni ẹnu-ọ̀nà gbogbo rẹ̀. O lọ ń bá ẹni tí ó wà níwájú wa sọ̀rọ̀. Ó lọ ń sọ nípa ẹlòmíràn. Àmì kékeré kan ni ó yà wọ́n. Bí a bá kọ lẹ́tà láìsí àmì, ẹni tí a kọ ọ́ sí ni yóò máa méfò.

Ìgbà ogbó rẹ̀

Ní ọdún 1864, Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1875, nígbà tí àríyànjiyàn wà lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, òun ni ó ṣe alága ìpàdé tí wọ́n pè ní Èkó láti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí òun àti àwọn bí Thomas King jọ ṣe, ni ó sọ èdè tí a ń kọ di ohun tí gbogbo ìlú Yorùbá lè kà.

Kò dá ojú rere rẹ̀ dúró sórí èdè tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1857 ó gbé ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kíkà jáde fún èdè Ígbò. Ní ọdún 1864 ó kọ ti gírámà èdè Tápà. Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ kò rọrùn: ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan gba àṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ tí ó ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́bàá Odò Ọya. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1891. Herbert Macaulay, tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìtàn ìṣèlú Nàìjíríà, jẹ́ ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀.

Ohun tí ó kan wá

Wọ́n kọ́ Festac Town láti gba àlejò àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà, ó di ilé fún ìdílé láti gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà. Ní àdúgbò kan náà, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, Ígbò, Haúsá àti àwọn èdè etí omi. Ọrọ̀ ńlá ni èyí. Ewu kan wà nínú rẹ̀ ṣá o: kí àwọn ọmọ máa fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan pàdé ara wọn, kí ọmọ Yorùbá gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ń sọ láìlè dá a lóhùn.

Nítorí èyí ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 lórí ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá ṣe sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ pàtàkì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gírámà. Òfin nìkan kò lè ṣe é. A rọ ẹ̀yin òbí kí ẹ máa sọ èdè yín sí àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì máa béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá Yorùbá bí ẹ ti ń béèrè ti ìṣirò. Ẹ̀yin olùgbé tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí yín, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tiyín. Gírámà wà fún ẹni tí kò bí i mọ́ ọn gan-an, ẹni tí ó sì kọ ti Yorùbá ni ó kọ ìwé fún Ígbò àti Tápà pẹ̀lú.

Ogun gba ilé, òbí àti ìlú lọ́wọ́ Àjàyí nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá. Èdè rẹ̀ ni kò lè gbà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa pàdánù tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa.