ÌGBÉSÍ AYÉ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER, ẸNI TÍ Ó KỌ́ ÌWÉ TÍ Ó SÌ KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́

Nínú ayọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa ní Adégbayì yìí, ó tọ́, ó sì yẹ, kí a rántí àwọn baba tí Ọlọ́run lò láti gbin Ìhìnrere sí ilẹ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ Samuel Àjàyí Crowther gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà, ẹni tí ó ṣe làálàá púpọ̀ lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ nínú ìtàn rẹ̀ tí a kì í sábà sọ: pé baba yìí ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà kí ó tó di àlùfáà. Èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí ẹ̀kọ́ ń bẹ nínú rẹ̀ fún àwọn òbí àti fún àwọn olùkọ́ wa.

Ní Òṣoògùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí, ní nǹkan bí ọdún 1809, nínú ìdílé ahunṣọ. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú náà, tí a sì mú ọmọdé yìí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní ìgbèkùn. A yà wọ́n nípa; a sì ń tà á láti ọwọ́ olówó kan dé òmíràn, títí a fi mú un dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì mú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Bẹ́ẹ̀ ni Olúwa yọ ìránṣẹ́ Rẹ̀ kúrò lóko ẹrú.

Ní ìletò Bathurst, ní Sàró, a fi í sí abẹ́ ìtọ́jú àwọn míṣọ́nárì Ẹgbẹ́ C.M.S. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun, a sì fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, pẹ̀lú owó kọ́bọ̀ méje àbọ̀ lóṣù. Nígbà náà ni ó tún ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni John Weeks, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Sàró ní ọdún 1855. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: a kò ya ọmọ tí ó mọ̀wé sápá kan, kí a sì lé ọmọ tí kò mọ̀wé lọ sídìí pákó. Ọmọ tí ó mọ̀wé jù ni ó di ayùn mú. Kò sì sí ẹni tí ó lè wọn pákó kí ó sì gé e bó ti yẹ, bí kò bá mọ ìṣirò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1825 ni a sàmì sí i lórí. Ní ọdún 1826 ó dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lọ sí iléèwé ní Islington. Nígbà tí ó padà, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Ní ọdún 1841 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya. Ìrò àwọn tí ó rán ọkọ̀ wọ̀nyí ni pé Bíbélì àti ohun èlò oko ni yóò pa òwò ẹrú run, nítorí náà wọ́n gbìyànjú láti dá oko àwòṣe sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, oko náà sì túká. Ṣùgbọ́n ìrò náà kò kú lọ́kàn Crowther.

A fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni ó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, mú kí a dá iléeṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí a fi ṣe alábòójútó rẹ̀ ni Samuel, ọmọ Crowther, àti Henry Robbin, ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ owú ní Manchester. Níbẹ̀ ni a ti ń yọ kóró owú, tí a sì ń dì í lẹ́rù ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Nínú ilé kan náà ni ọ̀nà kejì ti là. Abigail, ọmọbìnrin Crowther, ni aya Àlùfáà Thomas Babington Macaulay. Ọkùnrin yìí ni ó ṣí iléèwé girama C.M.S. ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Júùnù ọdún 1859, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Ọ̀gágun ọkọ̀ J. P. L. Davies sì fi £50 ràn án lọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látíìnì, Gíríìkì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a ń kọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì ní í bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ ní Abẹ́òkúta di owú mú, àna ní Èkó di ìwé mú, méjèèjì kò sì pàdé nínú iléèwé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìgbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, iye owó owú wálẹ̀. Ní ọdún 1867 Ìfọ́lé dé, a lé àwọn míṣọ́nárì òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta. Iléeṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ náà kò dàgbà di ohun tí a retí. Iléèwé girama ni ó bí ọmọ púpọ̀, nítorí ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń wá akọ̀wé, wọn kì í sì í san owó bẹ́ẹ̀ fún káfíńtà. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń rò pé ẹni tí kò mọ̀wé ni iṣẹ́ ọwọ́ wà fún.

A fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù ọdún 1864. Ó ṣiṣẹ́ ní agbègbè Odò Ọya. Odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní ọdún 1884. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣàìní ìbànújẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó dìde sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1890, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú àwọn tí ó tọ́ dàgbà. Ó fara dà á pẹ̀lú sùúrù, ó sì sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1891.

Nígbà tí àwa wà ní iléèwé, oko ríro ni ìyà tí a fi ń jẹ ọmọ tí ó pẹ́ dé. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́? Ètò 6-3-3-4 ti ọdún 1982 fẹ́ tún èyí ṣe. Ṣùgbọ́n ní iléèwé púpọ̀, ẹ̀rọ tí a rà wà nínú àpótí títí ó fi dípẹtà, nítorí kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ní ọdún 2011 a tún fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́. Òfin dára, ṣùgbọ́n olùkọ́ àti ohun èlò ni ó ń sọ òfin di ẹ̀kọ́.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀tún ní í wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń bẹ nínú ìjọ wa, káfíńtà, télọ̀ àti mẹkáníìkì, máa gba àwọn ọmọ iléèwé wa lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn olùkọ́ wa náà sì máa kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn ní ìwé. Kí òbí kankan má sì ṣe tijú pé ọmọ òun mú ayùn dání, nítorí ọwọ́ tí ó di ayùn mú náà ni ó kọ Ìwé Mímọ́ fún wa. Kí Olúwa tí í ṣe ọmọ káfíńtà bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.