Edward R. Murrow: Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Tí Ó Mọ Iyì Ẹnu

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Nínú àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ sísọ jẹun lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, díẹ̀ ni ó ṣọ́ ẹyin yìí tó Edward Murrow, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí ó ti dolóògbé, síbẹ̀ àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn kò yéé dárúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá tí a wà nínú ọgbà yìí náà gbọ́ ìtàn rẹ̀, nítorí inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ.

Ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní abúlé kan nítòsí Greensboro, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Egbert ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Òun ni ó sọ ara rẹ̀ di Edward nígbà tí ó dàgbà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ilé onígi tí wọ́n ń gbé kò ní iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ. Kí ọmọ náà tó pé ọdún méje, wọ́n kó lọ sí ìpínlẹ̀ Washington ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí bàbá ti rí iṣẹ́ sí ojú irin tí ń kó igi gẹdú. Nígbà tí Murrow gòkè àgbà, òun náà ṣiṣẹ́ ní àgọ́ àwọn agégẹdú.

Ní 1926 ó wọ Washington State College, ó sì yan ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ láàyò. Ida Lou Anderson, olùkọ́ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti bá jà láti kékeré, ni ó tọ́ ọ sọ́nà. Murrow di olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé náà, ó sì tún di olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní òpin 1930, ẹgbẹ́ náà ṣe àpérò ní Atlanta, ìlú tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn dúdú bá òyìnbó jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì. Murrow ta ọgbọ́n sí i, àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ dúdú sì wọlé bá àwọn yòókù jókòó. Ọmọ ọdún 22 péré ni nígbà náà.

Ó fẹ́ Janet Brewster níyàwó, ó sì bọ́ sí ilé iṣẹ́ CBS ní 1935. Wọ́n rán an lọ sí London ní 1937. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń da bọ́ǹbù lu ìlú náà ní 1940, orí òrùlé ni Murrow ń gùn lọ láti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá fi bẹ̀rẹ̀. Ìdánudúró yẹn ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń dá a mọ̀ nídìí rédíò.

Nígbà tí ogun parí tí amóhùnmáwòrán dé, ètò méjì ni ó wá ń tọ́kùn. Person to Person, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1953, ni ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Murrow yóò jókòó ní New York, sìgá lọ́wọ́. Àlejò rẹ̀ yóò wà nínú ilé tirẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé kámẹ́rà sí, tí wọ́n sì na wáyà kiri. Báyìí ni àwọn òǹwòran ṣe wọ ilé Roy Campanella, ènìyàn dúdú tí ó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká nínú bésíbọ́ọ̀lù, ilé John Kennedy nígbà tí kò tí ì di ààrẹ, àti ọ̀dọ̀ Marilyn Monroe, òṣèré sinimá. Ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Àwọn kan sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ ju Murrow lọ, ṣùgbọ́n ètò náà ni ó sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Ibi tí ó ná òkìkí yẹn sí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní sísọ. Ètò rẹ̀ kejì ni See It Now, tí òun àti Fred Friendly dá sílẹ̀ ní 1951. Ní àkókò yìí, Joseph McCarthy, aṣòfin àgbà láti Wisconsin, ń fẹ̀sùn kan àwọn ènìyàn káàkiri pé kọ́múníìsì ni wọ́n. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀, ẹ̀rù sì ba gbogbo ìlú. Ní oṣù kẹwàá 1953, Murrow gbé ọ̀rọ̀ Milo Radulovich jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin ológun òfurufú tí wọ́n fẹ́ lé nítorí ohun tí wọ́n ní bàbá àti arábìnrin rẹ̀ ń ṣe. Láàárín oṣù kan ó dùn, wọ́n dá a padà sípò. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹta, 1954, ó wá kọjú sí McCarthy fúnra rẹ̀. Fíìmù McCarthy gan-an ni ó fi hàn, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà tú àṣírí rẹ̀. CBS kò polówó ètò náà. Owó àpò Murrow àti Friendly ni wọ́n fi polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n fún McCarthy láyè láti fèsì ní oṣù kẹrin. Ní oṣù Kejìlá, Ilé Aṣòfin Àgbà bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà rẹ̀ pẹ̀lú ìbò 67 sí 22. Kì í ṣe Murrow nìkan ni ó bi í ṣubú, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ní 1955, ilé iṣẹ́ Alcoa tí ń sanwó ètò náà jáwọ́; ní 1958, CBS pa See It Now tì. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Murrow kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago pé bí a kò bá fi amóhùnmáwòrán kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n, àpótí tí ó kún fún wáyà àti iná lásán ni yóò jẹ́. Ní 1959 ó fi Person to Person sílẹ̀.

Àbùkù kò ṣàì sí lára rẹ̀. Ní 1960, ó fi ìyà àwọn alágbàṣe tí ń kiri láti oko dé oko han gbogbo Amẹ́ríkà nínú Harvest of Shame. Ní 1961, Ààrẹ Kennedy fi í ṣe olórí àjọ tí ń tún orúkọ Amẹ́ríkà ṣe lókè òkun, èyí tí ilé iṣẹ́ rédíò Ohùn Amẹ́ríkà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ni Murrow bá bẹ BBC pé kí wọ́n má ṣe gbé iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ yìí jáde! Wọn kò gbà. Wọ́n gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sìgá. Ní 1955, ètò rẹ̀ sọ fún ará ìlú nípa sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, síbẹ̀ òun ń fa nǹkan bí 60 lójúmọ́. Wọ́n gé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan ní 1963, ó sì kú ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, 1965, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó pé ọmọ ọdún 57.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọdún 1959 tí Murrow fi àga ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sílẹ̀ ni amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, nílé wa. Àpótí náà ti dé ọ̀dọ̀ àwa náà tipẹ́. Lónìí, púpọ̀ nínú wa ń lépa àtidi gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kò sì burú. Kí olúkúlùkù kàn bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò fi òkìkí náà rà, lọ́jọ́ tí ìlú bá ń bẹ̀rù àtisọ̀rọ̀.