Àìná, ọmọ Òkè Ọ̀dàn

Òkè Ọ̀dàn ni wọ́n bí ọmọ yìí sí ní nǹkan bí 1843. Ogun Dàhòmì pa òbí rẹ̀ ní 1848, wọ́n kó o lọ sí Abomey, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ, bí ẹni fúnni láṣọ! Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ Bonetta, tó mú un lọ, gbà pé ọmọ ọlọ́lá ni. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ James Davies ní Brighton ní 1862, Ina ló ṣíwájú nínú ìwé ìgbéyàwó. Àwa gbà pé Àìná ni, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Victoria. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní Madeira ní 1880. Ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn rẹ̀.