Samuel Àjàyí Crowther: Ìrètí Àjíǹde Nínú Ọ̀fọ̀

Samuel Àjàyí Crowther (nǹkan bí 1809 sí 1891) ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ ọ́n nítorí ìwé atúmọ̀ rẹ̀ àti Bíbélì Yorùbá. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ti ṣọ̀fọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ tipẹ́ kí ó tó di ẹni tí ń tu ọlọ́fọ̀ nínú.

Òṣogùn ni wọ́n ti bí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, ogun wọ ìlú náà. Bàbá rẹ̀ wọlé wá kìlọ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́. Wọ́n fi okùn so òun, Àfàlá ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí àwọn jagunjagun ti pín wọn láàrin ara wọn. Ẹṣin ni wọ́n fi pààrọ̀ Àjàyí. Nígbà tí wọ́n tún tà á jìnnà sí ìyá rẹ̀, ìbànújẹ́ mú kí ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ èyí nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837. Ẹni tí yóò wàásù àjíǹde ti wá ikú rí.

Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó fẹ́ Àsánò tí a dárúkọ rẹ̀ ní Susan, ó sì di àlùfáà ní 1843.

Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀ wá a wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi orúkọ ìgbà èwe pe ọmọ rẹ̀. Àrìnnàkò ni Yorùbá fi ń dágbére fún òkú, nítorí a kò retí pé a ó tún bá a pàdé ní ilé tí a ti mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, Babátúndé àti Yétúndé fi hàn pé àwọn baba wa gbà pé òkú lè padà wá, ṣùgbọ́n ara ọmọ tuntun ni ó gbà wá. Ohun tí Àfàlá rí yàtọ̀: Àjàyí tirẹ̀ gan-an ni, ohùn àti orúkọ kò yí padà. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Lójú tèmi, a kò lè ya ìpàdé yìí sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìwé Róòmù, tí ọ̀rọ̀ àjíǹde kún inú rẹ̀, jáde ní Yorùbá ní 1850. Lórí *jí*, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹni tó sùn tó sì là lójú, ni a kọ́ *àjíǹde* lé. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń lò láràárọ̀ ni. Kò sí ọlọ́fọ̀ tí kò ní yé.

Ṣùgbọ́n ìrètí náà kò dí ọ̀nà ikú. Ẹni tó bá gbéra ní Àbújá tó ń lọ sí gúúsù sábà máa ń gba Lọ́kọ́ja kọjá, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Agbègbè yìí wà lára ibi tí Crowther ti ṣiṣẹ́, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 àti lẹ́yìn náà. Ní 1867, ìjòyè Ìgalà kan, Abokko, mú un ní ìgbèkùn. Fell, igbákejì kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì, wá gbà á sílẹ̀. Crowther yè, ọfà olóró sì pa Fell. Ní Bonny, ní 1875, wọ́n de Joshua Hart, ẹrú tó di Kristẹni, tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì jù ú sódò nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ oúnjẹ ẹbọ. Irú ọ̀fọ̀ báyìí kò ní ìpàdé bíi ti Abẹ́òkúta. Ìgbàgbọ́ nìkan ló kù fún bíṣọ́ọ̀bù àti ìjọ rẹ̀.

Susan kú ní 1880, Àfàlá sì kú ní 1883. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ òjíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lójú rẹ̀. Ìwà àfojúdi ni, mo sì rò pé ìtàn ti dá a láre. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891. Itẹ́ òkú Ajélẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ìjọba tú itẹ́ náà ká ní àwọn ọdún 1970, wọ́n hú egungun rẹ̀, wọ́n sì tún un sin sí Kàtídírà Kristi ní Marina.